Ẹrù Tí Ó Kọ́kọ́ Wọlé: Bí A Ṣe Lè Yan Pẹpẹ Ayíwá fún Ilé Ìkẹ́rùsí

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìkan létí ẹlòmíràn. Ó lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú pẹpẹ àti ẹrù? Ìdáhùn mi ni pé ohun tí ó bá kan oúnjẹ tí a ń jẹ, oògùn tí a ń lò, àti owó tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ wá, gbogbo wa ni ó kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ohun èlò tuntun bá dé sáàárín wa tí a kò ní orúkọ fún un, ẹni tí ó ń tà á ni yóò máa bá wa pe orúkọ rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa sọ fún wa pé ó dára. Nígbà tí a bá lè fi èdè wa ṣe àlàyé ohun kan ni a tó lè fi ọgbọ́n wa yàn án tàbí kí a kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ìbátan mi kan lọ sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ìlú tí ó wà lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù, iwájú ni wọn a kó o sí; bí oníbàárà bá dé, iwájú náà ni wọn a ti mú un fún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kun ògiri ilé náà, wọ́n kó gbogbo ẹrù jáde. Lẹ́yìn pátápátá, lára ògiri, ni a bá àwọn páálí mílíìkì tí ọjọ́ ìlò wọn ti kọjá láti ọdún tí ó ṣáájú. Olè kò jí wọn, òjò kò pa wọ́n, eku kò jẹ wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ dé. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni ó sé wọn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n pa ọjọ́ tí ó wà lára páálí náà rẹ́, kí wọ́n sì tà á ní ẹ̀dínwó. Ìbátan mi kọ̀, ó ní ọmọ ọlọ́mọ ni yóò mu ún. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ni yóò kọ̀ bí ó ti kọ̀. Nítorí náà, bí a ṣe to ẹrù sínú ilé lè sọ ènìyàn di arúfin láìjẹ́ pé ó gbèrò rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Àwọn bàbá wa tí ó ní àká mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá da àgbàdo tuntun lé àgbàdo èṣín lórí, tuntun ni ọwọ́ yóò máa kọ́kọ́ kàn, ti èṣín yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ títí kòkòrò yóò fi sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó gbọ́n fi ń kó àká rẹ̀ tán, tí ó sì ń gbá a mọ́, kí ó tó da irúgbìn ọdún tuntun sí i. Òfin tí ó ń pa mọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ẹrù tí ó kọ́kọ́ wọlé ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Òfin yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pa mọ́ níbi tí ẹrù bá ti pọ̀, tí àyè bá há, tí oníbàárà sì ń kánjú. Ẹni tí ó rẹ̀ kò ní gbé páálí ogún kúrò kí ó lè mú èyí tí ó wà lẹ́yìn.

Ohun èlò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni a ṣe láti máa pa òfin náà mọ́ fún wa. Ẹ fi ojú inú wo àkàbà gígùn kan tí a dá dùbúlẹ̀, tí a sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ ju iwájú lọ. Dípò àwọn ọ̀pá ìdábùú tí a ń tẹ̀ gun àkàbà, irin róbótó tí ó lè yí ni a tò síbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ̀yìn ni a ti ń gbé ẹrù lé e. Ẹrù náà yóò yí wá sí iwájú fúnra rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ń fà á. Iwájú ni a ti ń mú un. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún wá gba ipò rẹ̀. Kò sí bí ẹrù tí ó dé lánàá ṣe lè kọjá lórí èyí tí ó dé ní ìjẹta. Ẹ̀rọ kankan kò tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ iná mànàmáná. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bíi tiwa, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Kí ni kí a máa pè é? Àwọn kan yóò fẹ́ pè é ní pẹpẹ òòfà, nítorí pé a máa ń pe agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan ní òòfà ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tí ó bá gbọ́ òòfà yóò rò pé irin tí ń fa irin mọ́ra ni. Èmi yóò dá a lábàá pé kí a pè é ní pẹpẹ ayíwá. Ó ń yí, ó sì ń wá bá ẹni tí ó fẹ́ mú un. Orúkọ náà fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Bí ẹ̀yin bá ní èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ àsọyépọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ẹ wá pátákó tí ó gùn tó mítà kan, ẹ to pẹ́ńsù róbótó sí orí rẹ̀ ní ìdábùú, kí ẹ sì gbé ìwé kan lé wọn. Bí pátákó bá tẹ́jú, ìwé yóò dúró. Ẹ wá gbé ìkángun kan sókè díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó pẹ́, ìwé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. Nínú ilé ìkẹ́rùsí, ìdàgẹ̀rẹ̀ tí a ń lò fún ẹrù ńlá kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ lórí mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Orí páléètì ni a ń to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé, èyíinì ni pátákó onígun mẹ́rin tí a kàn pọ̀ kí ọkọ̀ agbẹ́rù lè ti irin rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà ẹrù kan bá gba páléètì 10, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 1.2, gígùn ọ̀nà náà di mítà 12. Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 lórí mítà kan, ẹ̀yìn yóò fi sẹ̀ǹtímítà 48 ga ju iwájú lọ. Bí páléètì kọ̀ọ̀kan bá wọn tọ́ọ̀nù kan, agbára tí ó ń tì í síwájú tó ìwúwo kìlógírààmù 40, láìka bí irin ṣe ń dá a dúró díẹ̀. Mẹ́wàá wọn, bí wọ́n bá fara ti ara wọn, yóò fi ìwúwo kìlógírààmù 400 ti ohun tí ó bá dá wọn dúró níwájú. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bíréèkì sí àárín àwọn irin róbótó náà, kí ẹrù má baà sáré, tí a sì ń fi ohun ìdènà sí iwájú, kí èkejì má baà ya lu ẹni tí ó ń gbé èkíní. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta pẹpẹ ayíwá fún yín tí kò lè fi bíréèkì àti ohun ìdènà rẹ̀ hàn yín, ẹ dágbére fún un.

Nísinsìnyí, a dé ibi yíyàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kì í ṣe gbogbo pẹpẹ tí ó dàgẹ̀rẹ̀ ni ó ń pa òfin wa mọ́. Oríṣi kan wà tí ó ní irin róbótó, tí ó sì dàgẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni ó ní. Iwájú ni a ti ń fi ẹrù tuntun ti ti àtijọ́ sẹ́yìn, iwájú náà ni a sì ti ń mú un. Ẹrù tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ilé ìbátan mi. Ó wúlò fún ohun tí kì í gbó, kò wúlò fún mílíìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí oníṣòwò bi ẹni tí ń ta pẹpẹ ni pé: ẹnu mélòó ni ó ní?

Ìbéèrè kejì ni pé: ǹjẹ́ ọjọ́ orí ń ba ẹrù mi jẹ́? Ẹni tí ń ta ìṣó àti kókó ìlẹ̀kùn kò ní kí ó ná owó lórí pẹpẹ ayíwá. Ẹni tí ń ta ohun mímu, mílíìkì, bísíkíìtì àti oògùn ní láti rò ó.

Ìbéèrè kẹta ni pé: oríṣi ẹrù mélòó ni mo ní, mélòó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Oríṣi kan ṣoṣo ni ọ̀nà ẹrù kan lè gbà. Bí oníṣòwò bá ní oríṣi ohun mímu mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó páléètì 20 tàbí 30, pẹpẹ ayíwá bá a mu gan-an. Kò ní nílò ọ̀nà ọkọ̀ láàárín ìlà méjì méjì bí ó ti rí lórí pẹpẹ lásán. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn àti ọ̀kan ní iwájú ti tó, ẹrù púpọ̀ yóò sì gba inú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní oríṣi 400, tí kò sì ju páléètì kan tàbí méjì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí ó gba mẹ́wàá yóò máa ru méjì, àyè mẹ́jọ yóò sì ṣófo. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pẹpẹ lásán, tí ọwọ́ ń kan gbogbo ẹrù orí rẹ̀, ni ó dára jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ẹrù tí a mọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ wa. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí ìgbìmọ̀ tí ń bá àgbẹ̀ ra kòkó ní 1986, ọwọ́ àwọn oníṣòwò aládàáni ni ilé ìkẹ́rùsí kòkó wà ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ǹjẹ́ pẹpẹ ayíwá yẹ kòkó? Lójú tèmi, kò yẹ ẹ́ ní ọ̀dọ̀ olùrà ìgboro. Àpò kòkó, tí bíi 16 rẹ̀ ń pé tọ́ọ̀nù kan, máa ń wú, ó sì máa ń rọ̀ kọjá etí páléètì. Ọ̀wọ́ kan náà tí a rà ni a sábà ń kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí kòkó ń fẹ́ ni pé kí ó gbẹ dáadáa, kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí a gbé e kúrò nílẹ̀ lórí pátákó, kí a má fi í ti ògiri, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti ṣe é tán. Sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ó ń gbó lóòótọ́, nítorí pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń mú un dì, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ yóò dí irin róbótó. Ní ti oògùn, oríṣi rẹ̀ pọ̀, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó nǹkan. Pẹpẹ ayíwá kékeré, tí a ń to páálí lé lọ́kọ̀ọ̀kan láìlo páléètì, ni ó bá a mu.

Ìbéèrè kẹrin jẹ mọ́ ilé fúnra rẹ̀. Bí a bá to ọ̀nà ẹrù mẹ́ta léra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tọ́ọ̀nù 10, tọ́ọ̀nù 30 ni òpó irin díẹ̀ yóò máa gbé ka ilẹ̀. Kònkéré tí a dà fún ilé gbígbé kò lè gba èyí. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí pé ìdàgẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4 ni a ń sọ. Ilẹ̀ tí ó bá rì díẹ̀ ti ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ilé náà sì gbọ́dọ̀ ní àyè fún ọkọ̀ agbẹ́rù ní ẹ̀yìn àti ní iwájú.

Ìbéèrè karùn-ún, tí mo fẹ́ kí a fi etí sí jù, ni ti páléètì. Pẹpẹ ayíwá kì í gba páléètì tí ó fọ́. Pátákó tí a kàn pọ̀ lóòrùn ọjà, tí ìṣó rẹ̀ yọ síta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, yóò há sáàárín ọ̀nà. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, gùn ún lọ, kí o fi ẹsẹ̀ tì í. Ẹ má jẹ́ kí ó gùn ún! Tọ́ọ̀nù púpọ̀ wà lẹ́yìn ohun tí ó há yẹn, bí ó bá sì tú lójijì, kò sí ènìyàn tí ó lè dá a dúró. Irin gígùn ni a fi ń tú u láti ìta, tàbí kí a kó ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ná. Ẹni tí kò bá lè ra páléètì gidi, tí kò sì lè máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára irin róbótó lọ́dọọdún, kí ó má wulẹ̀ ra pẹpẹ náà. Ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ níye lórí ju páálí lọ.

Ó tún ku ohun kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ìdàgẹ̀rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí ohun àkọ́kọ́ jáde ní àkọ́kọ́, kí ó wo sáílò, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Àkúrẹ́ láti máa fi pa ọkà mọ́. Òkè ni a ń da ọkà sí nínú sáílò, ìsàlẹ̀ ni ó sì ń gbà jáde. Ènìyàn yóò rò pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n Andrew Jenike, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Utah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1964, fi hàn pé ọ̀nà méjì ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣàn. Bí ìdí sáílò bá dà gan-an tí ara rẹ̀ sì ń dán, gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Bí kò bá dà tó, àárín nìkan ni yóò máa ṣàn bí omi inú àrọ, tí ti òkè yóò máa já sí àárín, tí ti ẹ̀gbẹ́ yóò sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Ilẹ̀ kan náà ni ó ń fa méjèèjì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọgbọ́n ẹni tí ó kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹpẹ ayíwá. Ó mọ ẹrù tí ó kọ́kọ́ dé. Kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá gbé mílíìkì wá lónìí, tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ yóò tán ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ti èyí tí ó dé lánàá, pẹpẹ yóò gbé e sẹ́yìn láìbìkítà. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí a ń tẹ̀ sára oúnjẹ àti oògùn, èyí tí àjọ NAFDAC tí òfin 1993 dá sílẹ̀ ń ṣọ́, fi jẹ́ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kà kí ó tó gbé ẹrù lé pẹpẹ. Pẹpẹ kò mọ̀wé. Ẹni tí ó mọ̀wé ni kí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Kí ni mo wá sọ fún ìbátan mi ní Ọ̀bà-Ilé? Mo ní kí ó má ra pẹpẹ ayíwá fún gbogbo ilé náà. Oríṣi ẹrù mẹ́ta péré ni ó ń tà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn yòókù kéré níye. Bí owó bá dé, kí ó ṣe é fún mẹ́ta wọ̀nyẹn, kí ó sì fi pẹpẹ lásán sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó kọ́kọ́ pe bíríkìlà, kí ó lu ilẹ̀kùn kejì sí ẹ̀yìn ilé náà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé, iwájú ni wọ́n ti ń kó o jáde, wọ́n sì ń fi ẹfun kọ ọjọ́ tí ìlò ẹrù yóò tán sára páálí gàdàgbà gadagba kí gbogbo ojú lè rí i. Kò ra irin róbótó kan títí di òní, mílíìkì kò sì gbó mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀kùn méjì ni ìdí pẹpẹ ayíwá. Irin àti bíréèkì rẹ̀ ni a fi ń mú iṣẹ́ náà yá nígbà tí ẹrù bá pọ̀ ju agbára ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ti mọ ìdí rẹ̀ kò ní ra ohun tí kò yẹ ẹ́, kò sì ní ṣàìra ohun tí ó yẹ ẹ́. Sítọ́ọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín, níbi tí ìwé, ẹfun àti oúnjẹ àwọn ọmọ wà, ilẹ̀kùn mélòó ni ó ní? Kí sì ni ó wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀? Ẹ lọ wò ó lọ́la.

 Ó kù sí ọwọ́ yín nísinsìnyí láti béèrè, láti ta kò mí, àti láti fi ti yín kún un.